Koríko Tí Kò Ní Jó Ọmọ Lẹ́sẹ̀

Mo ti gbọ́ pé oòrùn Tamale, ní àríwá Gánà, le, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbóná débi pé ẹsẹ̀ èèyàn yóò mọ̀ ọ́n láti inú bàtà. Ìlọrin náà ń gbóná, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Ṣùgbọ́n oòrùn ilé mọ̀ mí. Ti Tamale kò mọ̀ mí rí, kò sì fi bò fún mi.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni àwọn obìnrin tó ń gun alùpùpù. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo rí ìyá arúgbó kan tó fi ìborùn funfun bo orí, tó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, tó ń gun alùpùpù lọ sọ́jà bí ẹni tó ń rìn nínú pálọ̀ ilé ara rẹ̀. Mo dúró wò ó títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé, “Ìwọ tí o ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún yìí, kí ni ìwọ lè wà?”

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àdúgbò Zogbeli ni mo dé sí. Alhaji Sálíù lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Bàbá ni mo ń pè é. Tamale ni wọ́n bí i sí. Bàbá tó bí òun àti ìyá mi ló gbé kéwú àti òwò wá síbẹ̀ láti Ìlọrin láyé àwọn òyìnbó, ìyá mi nìkan ni wọ́n rán padà sílé láti kékeré. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé náà, ṣùgbọ́n Yorùbá tí Hausa àti Dagbani, èdè àwọn Dàgọ́ńbà onílẹ̀, ti bá gbé pẹ́ ni. Bí mo bá bá àwọn ọmọ ilé sọ̀rọ̀, wọn á gbọ́ mi yékéyéké, wọn á sì fi Dagbani dá mi lóhùn. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé nǹkan kan wà lójú ọ̀nà tó ń gba ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ mi, tó ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kó tó dé etí wọn.

Ọmọ mi, Àníkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Ilé-ìwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ni ti kógbá sílé, bàbá rẹ̀ sì ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó ti kó lọ sí Kánò. Mo sọ fún ìyá mi pé ọdún kan péré ni mo máa lò. Mi ò purọ́ o. Bó ṣe wà lọ́kàn mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́.

Ẹní, kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì ni Bàbá ń tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun sí àdúgbò Choggu bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè koríko oníke, nítorí koríko gidi máa ń gbẹ di pupa ní Tamale bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ wọlé, kì í sì í jí títí òjò á fi padà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá, èmi ló sì fi sídìí rẹ̀.

Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Mo rò pé koríko oníke kan kò ju òmíràn lọ. Ó gbà mí lóṣù mélòó kan kí n tó mọ̀ pé èyí tí irun rẹ̀ gùn jù máa ń dùbúlẹ̀ bí ibi tí màlúù sùn sí, pé èyí tó kúrú jù máa ń gún àtẹ́lẹsẹ̀, pé èèyàn gbọ́dọ̀ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ihò tí omi máa gbà pọ̀ tó. Èyí tó wá ṣòro jù ni àbùsí. Bí a ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: ohun wínníwínní tí à ń bù sáàárín irun koríko kó lè dúró ṣánṣán, kí atẹ́gùn má sì ká a nílẹ̀. Àwọn kan máa ń fẹ́ táyà tí wọ́n lọ̀ kúnná, nítorí pé ó rọ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn kan á ní iyanrìn funfun lásán ti tó. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ iyanrìn tí wọ́n fi ọ̀dà bò hóró-hóró, kó má baà lẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yàn á kàn fi ẹsẹ̀ jẹ̀yà ni.

Lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ ní kí n dá lọ wọn ilé oníbàárà, inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi.

“Wọ́n ní kí n dá lọ,” mo ní.

“Ṣé kò séwu níbẹ̀?”

“Ilé ńlá ni, ní Choggu. Wọ́n ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé, etí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tẹ́ koríko sí. Bàbá ní tí mo bá ṣe é yanjú, èmi ni òun máa fa gbogbo iṣẹ́ koríko lé lọ́wọ́.”

Ìyá mi gbàdúrà fún mi, ó gùn. Mo ṣe àmín títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé náà.

Fúséínì lorúkọ ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn fún mi. Á tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Dàgọ́ńbà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá Zogbeli ni ìyá rẹ̀, nítorí náà Yorùbá ni a jọ sọ. Ó mú mi gba inú ilé kọjá. Gbogbo kọ́tìnnì ló wà ní títì, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Nígbà tí a jáde sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ gbá mi lójú, mo sì rí omi náà.

Ó kún dé etí, ó mọ́ gaara. Igi dóńgóyárò kan wà nítòsí ògiri tó ń wọ́ ewé sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ewé sì kún gbogbo ilẹ̀, àmọ́ kò sí ẹyọ kan lójú omi. Mo ṣì rántí ìyẹn dáadáa, nítorí mo wá a.

“Kí lẹ fẹ́ kí koríko yìí ṣe fún yín, Alhaji?” Ìbéèrè tí Bàbá kọ́ mi pé kí n máa fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

“Kó má jó ọmọ lẹ́sẹ̀,” ó ní. “Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Kí nǹkan inú rẹ̀ má sì máa lẹ̀ mọ́ ọn lórúnkún. Ó fẹ́ràn kó máa kúnlẹ̀ létí omi.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni?”

“Mẹ́fà.”

“Tèmi náà ti pé mẹ́fà,” mo ní. “Ó wà ní Ìlọrin.”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti sọ nǹkan tó tóbi. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n máa wọ̀n ọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í na téèpù. Ó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Nígbà tí mo fẹ́ gba igun kan kọjá, ó na ọwọ́ síwájú mi wẹ́rẹ́. “Ẹ bá mi gba ibí, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní. Mo yà. Mo wo ibi tí ó ní kí n má gbà. Ilẹ̀ lásán ni, erùpẹ̀ pupa, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbá ewé kúrò. Nígbà tó tún yá, ó kọjú sí omi, ó ní, “Ṣé kó mọ níbí ni, àbí kó dé ẹ̀yìn igi?” Mo fẹ́ dá a lóhùn, mo rò pé èmi ló ń bi. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ kí n dúró. A dúró. Aláǹgbá kan sáré gba orí ògiri kọjá. Ó wá mi orí, ó ní, “Ó ní kó dé ẹ̀yìn igi.”

Mo wo ojú fèrèsé òkè, mo rò pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ṣẹ́jú sí i. Kọ́tìnnì ò mì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo bá Àníkẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe máa ń rí náà ni: ìyá mi á gbé fóònù sí i létí, á ní, “Kí màmá rẹ.” Ọmọ náà á ní, “Ẹ káalẹ́ mà,” bí ẹni ń kí tíṣà. Èmi á béèrè ohun tó jẹ. Á ní ìrẹsì. Á wá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ tó ń mí. Mo máa ń sọ̀rọ̀ sínú mímí yẹn bí ẹni ń ju òkúta sínú kànga, tó ń dẹtí kó gbọ́ ìgbà tó máa balẹ̀.

Ẹni tó kúrò nílé máa ń rò pé ilé dúró síbi tí òun fi í sí. Lọ́kàn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin ni Àníkẹ́ ṣì jẹ́, ó wọ gáùn aláwọ̀ òféfèé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ti ká eyín iwájú méjì, ó ti mọ ìwé kà. Ọmọ méjì ni mo ní nígbà yẹn, mi ò sì lè fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn. Ní Zogbeli wọ́n ń pè mí ní ará Nàìjíríà. Nílé, ìyá mi ti ń sọ fáwọn àlejò pé, “Ọmọ mi tó wà ní Gánà.” Mo wá dà bí ẹni tó jẹ́ pé ibòmíràn ló máa ń wà, ibi yòówù kó wà.

Nígbà kejì tí mo lọ sí Choggu, ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun. Mo gbé pátákó kan lọ tí mo lẹ ègé koríko mẹ́rin mọ́, àbùsí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà nínú mẹ́ta nínú wọn, ìkẹrin ṣófo. Alhaji Fúséínì ní kí n tẹ́ ẹ sínú oòrùn fún wákàtí kan, kí a tó fọwọ́ kàn án. A jókòó sábẹ́ igi. Etí omi, bàtà sílípáàsì ọmọdé kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ pupa, ẹsẹ̀ méjèèjì tò pọ̀ dáadáa.

Nígbà tó tó wákàtí kan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní táyà lílọ̀ nínú, mi ò lè fi ọwọ́ síbẹ̀ títí èèyàn á fi ka márùn-ún. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Mo tún ṣàlàyé fún un pé ó fúyẹ́, pé bí òjò bá rọ̀, á léfòó, á ṣàn lọ sínú omi, omi á dúdú. Iyanrìn funfun gbóná, àmọ́ nígbà tí mo wọ́n omi sí i, ó tètè rọlẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé bó bá pẹ́, á lẹ̀ pọ̀, á le bí àpáta. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà bò ló dáa jù. Ó wúwo, kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ooru rẹ̀ sì ṣeé fara dà.

Ó bọ́ bàtà, ó dúró lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di ojú. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fà mí lápá aṣọ kí èmi náà yà.

“Ẹ jẹ́ kí òun náà wò ó,” ó ní.

A dúró nínú oòrùn yẹn, àgbàlagbà méjì, à ń wo ègé koríko mẹ́rin tí kò sẹ́ni lórí wọn. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Mo ń wá ohun tí mo máa sọ tí màá fi lọ. Ìgbà náà ni fóònù mi dún. Ìyá mi ni, àmọ́ Àníkẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ti jí fóònù náà gbé láti fi ṣeré.

“Màmá,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí tojoojúmọ́, ara rẹ̀ yá. “Ta ni ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ yín yẹn?”

Mo wo ẹ̀yìn mi. Mo wo orí ògiri. Kò sí ilé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lápá yẹn, pápá lásán ni.

“Kò sí ọmọ níbí, Àníkẹ́.”

“Ó wà níbẹ̀. Ẹ ní kó má rẹ́rìn-ín mọ́, mi ò gbọ́ yín.”

Alhaji Fúséínì ti sún mọ́ mi. Mo rò pé ojú mi ló rí. Ó rọra ní, “Kí ló sọ?”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa,” mo ní.

“Ẹ fún un ní fóònù,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀.” Ó na ọwọ́. Kò sí ìhàlẹ̀ kankan nínú ohùn rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo pa fóònù náà, mo fi pátákó mi sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì rìn jáde gba inú ilé tó ṣókùnkùn náà. Inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé mi padà ni mo ti rántí pé mi ò dágbére fún ọmọ mi.

Mo bi Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù pé, “Ọmọ mélòó ni Alhaji Fúséínì bí?”

Bàbá ò gbójú sókè nínú kápẹ́ẹ̀tì tó ń ká. “Méjì. Ọ̀kan ló kù.”

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Náfísà lorúkọ èyí tó jẹ́ obìnrin, èyí àgbà. Bàbá rẹ̀ ló jókòó tì í létí omi lọ́jọ́ tó kú. Ó wọlé lọ gbé nǹkan, kò pẹ́ rárá, ó padà wá, omi ti dákẹ́. Ìyàwó gbé ọmọ jòjòló tó kù, ó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Gurugu, kò sì tíì padà.

“Mo rò pé ó ti dí adágún yẹn,” Bàbá ní. “Wallahi, mi ò mọ̀.”

“Ṣé kí n tẹ́ koríko náà?”

Ó fi okùn so kápẹ́ẹ̀tì náà. “Ẹni tó wá ra ẹní, a kì í bi í pé ta ló fẹ́ tẹ́ ẹ fún. Iṣẹ́ ni iṣẹ́.” Àmọ́ kò wò mí lójú nígbà tó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan gun alùpùpù dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Sànátù lorúkọ rẹ̀, ìyàwó Alhaji Fúséínì ni. Ẹnìkan ládùúgbò ló ti sọ fún un pé wọ́n ń wọn ẹ̀yìn ilé. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́, ó ń so wọ́n mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀.

“Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní Yorùbá,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ fẹ́ tẹ́ koríko yẹn?”

“Èmi ni.”

“Tí ẹ bá tẹ́ ẹ, ọkọ mi kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ń jẹun níbẹ̀. Ó ń kírun níbẹ̀. Mo ní kó dí i. Ó ní tí òun bá dí i, ó dà bíi pé òun tún ti orí ọmọ bọ omi.” Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó dì í mú. “Ṣé ẹ̀yin gbọ́ nǹkan níbẹ̀?”

Mo gbójú sórí kápẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀. Ó ní, “Èmi náà gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn rò pé mo sá fún ọkọ mi nítorí ó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Rárá. Mo sá nítorí ọmọ náà ń pè mí. Ó ń pè mí bí ó ṣe máa ń pè mí kí n wá wò ó. Mo ní ọmọ kan lẹ́yìn. Tí mo bá ń dá ìyẹn lóhùn, ta ló máa gbọ́ ẹkún èyí?”

Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Mi ò lè ṣe nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Bí mo bá jókòó, ìbéèrè rẹ̀ á jókòó tì mí.

Mo padà sí Choggu láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Alhaji Fúséínì jókòó síbi tí mo fi í sí, pátákó mi wà níwájú rẹ̀, àwo méjì ìrẹsì ẹlẹ́wà tí wọ́n ń pè ní wáákyè sì wà lórí tábìlì. Ọ̀kan ti tán. Èkejì, eṣinṣin ló wà lórí rẹ̀.

“Alhaji,” mo ní, “mo lè tẹ́ koríko yìí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó máa dáa. Àmọ́ mi ò fẹ́ tẹ́ ẹ sétí omi yìí.”

“Kí ló dé?”

“Nítorí pé ọmọ mi gbọ́ ọ. Lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ó bi mí pé ta ló ń rẹ́rìn-ín.”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ní, “Mo ti ń rò pé orí mi ló dàrú.”

“Orí yín ò dàrú,” mo ní. Mi ò mọ bí mo ṣe láyà láti máa bá a lọ. “Alhaji, ọmọ tèmi wà láàyè, mo fi í síbi tí ọwọ́ mi ò tó o. Ọdún méjì nìyí tó jẹ́ ohùn nìkan ni mo ní. Ohùn máa ń tóni lọ́jọ́ kan, tó bá di ọjọ́ kejì, ebi á tún máa pani. Ẹ ní ọmọ kan ní Gurugu tí ẹ lè gbé mọ́ra. Ó wúwo, mo rí i lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ń jẹ ìka rẹ̀.”

Omi náà kò mì, ó dà bí gíláàsì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

“Tí mo bá dí i,” ó ní, “níbo ni òun máa wà?”

“Mi ò mọ̀.”

Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ, òótọ́ sì ni. Ó ní kí n máa lọ. Mo gbé pátákó mi, mo lọ. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé mo ti fi ẹnu ara mi lé oníbàárà lọ, kò bá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ fún odidi ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni fóònù dún. “Ẹ wá sọ fún àwọn èèyàn yìí bí wọ́n ṣe máa ṣe é,” Alhaji Fúséínì ní. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ̀ akóyanrìn méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, yangí kún inú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti fi garawa gbọ́n omi náà dé ìdajì kí ó tó jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó máa fà á wá. Ó ti da gbogbo rẹ̀ sídìí dóńgóyárò. Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lu ihò sí ìsàlẹ̀ adágún kí omi òjò lè máa rí ọ̀nà lọ. Wọ́n da yangí sí i ní ìpele-ìpele, wọ́n ń gún un mọ́lẹ̀. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ kí ilẹ̀ jókòó, kí a tó da lùbúlùbú òkúta lé e lórí.

Mo bi í bóyá ó ṣì fẹ́ àbùsí tó yàn, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí omi mọ́, pé iyanrìn funfun ti tó. “Èyí tí kì í jóni lẹ́sẹ̀ ni mo fẹ́,” ó ní. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, láti ògiri dé ògiri. Èmi ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbé irun koríko dúró tẹ̀ lé e. Nígbà tí a parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tí adágún ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ títí di òwúrọ̀, kí gọ́ọ̀mù ojú ìsopọ̀ lè gbẹ. Sànátù dé lórí alùpùpù rẹ̀ bí mo ṣe ń jáde. A kí ara wa. Ó gbé ọmọ wọlé.

Láàárọ̀, ó pè mí. Òun ni, kì í ṣe ọkọ rẹ̀. “Ẹ wá wò ó,” ó ní.

Mo bá àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, ọmọ náà wà lápá bàbá rẹ̀. Wọn ò tíì jáde sórí koríko. Gbogbo irun rẹ̀ dúró bí mo ṣe gbé e dúró, àyàfi ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Láti àárín gbùngbùn, níbi tí omi ti jìn jù tẹ́lẹ̀, irun náà dùbúlẹ̀ ní ojú kékeré-kékeré, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kò ju ẹsẹ̀ ọmọ ilé-ìwé lọ. Ó wá tààrà sẹ́nu ọ̀nà tí a dúró sí. Ọmọ apá bàbá rẹ̀ kò tíì mọ ìrìn.

Mo wá èyí tó padà. Kò sí.

“Lánàá, mo ṣílẹ̀kùn yìí sílẹ̀,” Sànátù ní. “Mo pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní kó wọlé, pé ilẹ̀ ń ṣú.”

Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀ pálọ̀ lẹ́yìn wa, níbi tí àwọn kọ́tìnnì ti wà ní ṣíṣí, tí oòrùn àárọ̀ sì tẹ́ dé ìsàlẹ̀ àga.

“Ṣé kí n fi búrọ́ọ̀ṣì gbé e dúró?” mo ní.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ọkọ rẹ̀ ní.

Èmi ni mo ń bójú tó iṣẹ́ koríko báyìí. Mo ní alùpùpù tèmi. Mo ti tẹ́ koríko sí ilé tó pọ̀ ní Tamale, mi ò sì tíì sọ ohun tí mo rí ní Choggu fún oníbàárà kankan. Àmọ́ kí oṣù yẹn tó parí, mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ kí Àníkẹ́ wá bá mi. Ó sunkún díẹ̀, ó sì di ẹrù ọmọ náà fún ìbátan kan tó ń bọ̀ lọ́nà Tamale.

Mo ti wà ní ibùdókọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀, mo ń wo gbogbo ọmọ kéékèèké, mo ń wá gáùn aláwọ̀ òféfèé. Ọmọbìnrin gíga kan dúró síwájú mi, ó di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fara balẹ̀ wò mí dáadáa.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà,” ó ní. “Ṣé ẹ̀yin ni màmá inú fóònù?”

Mo kúnlẹ̀ sínú eruku kí ojú wa lè ṣe déédéé.

“Èmi ni,” mo ní. “Mo ti jáde.”